Ọmọ ń sùn, a ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, a lọ sí òde: ta ló ń wò wọ́n?

Ìbéèrè: láti ọ̀dọ̀ Ìyá Ire, Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí ó ti fẹ́ da àárín èmi àti ẹbí ọkọ mi rú. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni ọkọ mi. Ní Iléyá tó kọjá, a wá fún Ojúde Ọba, àjọ̀dún ńlá àwọn Ìjẹ̀bú. Ilé ẹbí kún fọ́fọ́, la bá gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì kan. Ọmọ méjì la kó dání, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, èkejì ọdún méjì. Nígbà tó di alẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ọkọ mi nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn jọ sún mọ́ra ní Ìjẹ̀bú, ń ṣe fàájì ní gbọ̀ngàn tó wà ní òdìkejì títì. Àwọn ọmọ ti sùn. A ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, a mú kọ́kọ́rọ́ dání, a sì ń lọ yẹ̀ wọ́n wò ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí mo bá lọ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ mi á lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà kẹta tó kàn mí, iná ti lọ, wọn ò sì tíì tan jẹ́nẹ́. Ẹ̀gbọ́n dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn, ó ti sunkún títí ohùn rẹ̀ ti há. Kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n. Àmọ́ ilẹ̀ mọ́, ọmọ sọ fún ìyá ọkọ mi, láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti gbé fóònù mi mọ́. Ọkọ mi ní kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, kí n fi ìyá òun sílẹ̀. Ṣé lóòótọ́ la ṣe ohun tó burú, àbí àwọn àgbà kàn ń sọ ọ̀rọ̀ di ńlá?

* * *

Èsì kìíní

Ó burú, Ìyá Ire. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ṣe é, ẹ̀yin méjèèjì ló sì kàn.

Àwọn tó dá yín lóhùn ṣáájú mi, ọ̀rọ̀ olè ni gbogbo wọn ń sọ. Wọ́n ní àwọn gbọ́mọgbọ́mọ pọ̀ lásìkò ọdún, wọ́n ní òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì máa ń ní kọ́kọ́rọ́ kejì lọ́wọ́, wọ́n ní ojú èèyàn ò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. N ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ohun tí ẹ kọ, olè kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ yín ni.

Ẹ wo yàrá yẹn dáadáa. Iná ti lọ. Ilẹ̀kùn tì láti ìta. Irin wà lójú fèrèsé, bó ṣe wà lójú fèrèsé púpọ̀ nílùú wa nítorí olè. Ká ní iná dé padà lójijì, tí wáyà ẹ̀rọ amúlétutù gbaná, ọmọ ọdún márùn-ún ò lè jáde, ẹni tó wà níta ò lè wọlé, kọ́kọ́rọ́ wà nínú báàgì ní òdìkejì títì níbi tí ìlù ò ti ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ igbe ẹnikẹ́ni. Ká ní abẹ́ fèrèsé yẹn ni wọ́n gbé jẹ́nẹ́ sí, afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ọmọ tó ń sùn ò ní mọ̀ pé òun ń fà á símú. Oorun yẹn náà ló máa sùn lọ.

Olè, èèyàn lè má pàdé rẹ̀ títí ayé. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ta ni kò mọ̀ ọ́n láàárín wa?

* * *

Èsì kejì

Lẹ́yìn èsì mi àkọ́kọ́, bàbá kan ní kí n má le mọ́ wọn jù, pé wọ́n ṣáà ń lọ yẹ àwọn ọmọ wò, wọn ò pa wọ́n tì. Àwọn mìíràn ti gbè é lẹ́sẹ̀. Mo fẹ́ dúró lórí èyí díẹ̀, torí òun gan-an ló ń tan òbí rere jẹ. Òbí burúkú ò tiẹ̀ ní ronú kan ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ẹ rántí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, Madeleine McCann. Lálẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 2007 ni, ní Praia da Luz, ìlú etíkun kan ní gúúsù ilẹ̀ Pọ́túgà. Ìsinmi ni wọ́n bá lọ. Dókítà ni bàbá, dókítà ni ìyá. Àwọn àtàwọn ọ̀rẹ́ wọn ń jẹun alẹ́ ní ilé oúnjẹ tó wà nínú ọgbà ibi tí wọ́n wọ̀ sí, kò jìnnà rárá. Ọmọ náà ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kó pé ọdún mẹ́rin. Àwọn àbúrò rẹ̀, ìbejì ọlọ́dún méjì, sùn sí yàrá kan náà. Àwọn àgbà ń dìde lọ yẹ àwọn ọmọ wò ní ìdákúrekú, bí ẹ̀yin náà ṣe ṣe. Nígbà tí ó kan ìyá ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, ó bá ìbejì, kò bá ẹ̀gbọ́n wọn. Láti ọjọ́ náà, wọn ò tíì rí i.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣàkíyèsí nìyí. Àwọn yẹn fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ láìtì. Ẹ̀yin ti tiyín pa. Ẹni tó bá gbọ́ tiwọn á ní ká ní wọ́n ti ilẹ̀kùn ni, ẹni tó bá gbọ́ tiyín á ní ká ní ẹ ò tì í ni. Ó hàn pé ọ̀rọ̀ ò sí lára ilẹ̀kùn. Ẹni tó yẹ kó wà nínú yàrá ni kò sí níbẹ̀.

N ò sí lára àwọn tó ń bú àwọn òbí yẹn. Àwọn ọlọ́pàá Pọ́túgà fura sí wọn ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, nígbà tó di oṣù Keje ọdún 2008 wọ́n yọ orúkọ wọn kúrò níbẹ̀, síbẹ̀ aráyé ò dẹ́kun èébú. Bí ẹnìkan bá wọlé gbé ọmọ ọlọ́mọ, ọrùn ẹni yẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ náà wà, kò sí lọ́rùn ìyá. Àmọ́ èmi tí mo bímọ, mo ní láti lè ya méjì yìí sọ́tọ̀: ẹ̀ṣẹ̀ aṣebi jẹ́ ti aṣebi, ìtọ́jú ọmọ mi jẹ́ tèmi.

Lílọ yẹ ọmọ wò yàtọ̀ sí wíwo ọmọ. Ẹni tó lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ló ń lọ bá. Ẹni tó ń wò ó wà níbẹ̀ nígbà tó ń ṣẹlẹ̀.

* * *

Èsì kẹta

Ìyá kan láti Ìkẹ́nnẹ́ ti kọ̀wé pé ayé ló bàjẹ́, pé nígbà tàwọn, ojú kan ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó, pé kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù pé kí òun lọ sọ́jà. Ẹ kú àánú, màámi. Mo gbà pé igba ojú wà. Mo kàn fẹ́ ká rántí dáadáa bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo dàgbà sí. Obì ni ìyá mi ń tà. Wọ́n á rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, wọ́n á fi ewé tẹ́ inú agbọ̀n, wọ́n á kó o lọ sí Èkó. Ìdájí ni wọ́n máa ń jáde kí ọkọ̀ tó kún. Kò sí ìgbà kan, mo sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń jí tó ń gbọ́ ọ, kò sí ìgbà kan tí wọ́n jáde láìdúró lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Alákàrà. Wọ́n á ní: "Ìyá Alákàrà, mo ti ń lọ o. Àwọn ọmọ rèé o." Agbọ̀n á wà lórí wọn. Wọn ò ní sún títí ìyá yẹn á fi dáhùn láti inú yàrá: "Mo gbọ́. Wọ́n ti dọwọ́ mi."

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Alákàrà ò dáhùn. Ara wọn ò yá, a ò mọ̀. Ìyá mi pè lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n sọ agbọ̀n kalẹ̀. Wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn kejì, wọ́n lọ kan ẹ̀kẹta, ọkọ̀ sì ti ń fọn fèrè lójú títì. Èèyàn tó wà nínú agboolé wa nígbà náà lé ní ogún. Wọn ò ní "àwọn ará ilé ṣáà wà". Wọ́n wá títí wọ́n fi rí ẹnìkan tó dáhùn, kí wọ́n tó gbé agbọ̀n.

Igba ojú wà, àmọ́ ẹnu kan ló ń dáhùn. Ohun tí a gbàgbé nínú ìgbé ayé àwọn ìyá wa nìyẹn. A mú igba ojú, a fi ẹnu kan yẹn sílẹ̀. Lónìí, a óò kó ọmọ lọ síbi ìnáwó, a óò ní mọ̀lẹ́bí pọ̀ níbẹ̀. Ìyá rò pé ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ìyá àgbà rò pé ó wà lọ́dọ̀ bàbá, bàbá ń náwó fún onílù. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé ọmọ ò sí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ojúde Ọba tí ẹ bá wá gan-an, ẹ rí bí èrò ṣe máa ń pọ̀ tó nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin bá ń wọlé bọ̀ tí ìbọn ń dún. Ẹni tó bá kó ọmọ dé ibẹ̀, kó kọ nọ́ńbà fóònù sórí bébà, kó fi í sápò ọmọ, tàbí kó fi bírò kọ ọ́ sí i lápá. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ orúkọ ìyá rẹ̀ sí "Mọ́mì". Ẹni tó bá rí i he ò lè fi ìyẹn wá ìyá rẹ̀ rí.

* * *

Èsì kẹrin

Ẹnìkan béèrè ohun tó mú mi le koko báyìí, pé bóyá n ò ṣe irú rẹ̀ rí. Mo ṣe é. Tèmi burú ju tiyín lọ, Ìyá Ire.

Ọdún kọkànlá rèé. Ọkọ mi wà ní Pọ́ta lẹ́nu iṣẹ́. Èmi àtàwọn ọmọ mẹ́ta la wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mẹ́fà àti mẹ́ta. Aṣọ ni mo ń tà, ọjà Balógun ní Èkó ni mo ti ń rà á. Tẹ́lẹ̀, àbúrò mi obìnrin ló máa ń wá dúró tì wọ́n. Ọjọ́ Sátidé yẹn, kò lè wá. Ẹni tó fẹ́ ra aṣọ ẹbí lọ́wọ́ mi ti san owó sílẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni màá ti dé. Mo se ìkọ̀kọrẹ́ sínú kúlà, mo bu omi mímu sínú ike kan, mo pe àkọ́bí mi jókòó, mo ní: "Ìwọ ni ìyá wọn lónìí. Má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni." Mo wá bọ́ síta, mo fi àgádágodo kọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ gbọ́ ọ. Mo ní kó má ṣílẹ̀kùn, mo tún wá ti ilẹ̀kùn tí kò lè ṣí.

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn á ti mọ ìyókù. Tírélà ṣubú kí a tó dé Mọ́wé. Aago mẹ́rin lù, ó bá wa lórí ìjókòó. Aago mẹ́jọ lù. Bátìrì fóònù mi ti kú, mo yá ti ẹni tó jókòó tì mí, àfi ìgbà tí mo fẹ́ pè ni mo rántí pé kò sí fóònù nílé, n ò sì mọ nọ́ńbà aládùúgbò kankan lórí. Gbogbo wọn wà nínú fóònù tó kú. Mo bọ́ sílẹ̀, mo rìn, mo wọ ọ̀kadà, mo tún wọ ọkọ̀ mìíràn ní ìkóríta Ṣàgámù. Aago kan òru ti kọjá nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ilé.

Òórùn ike jíjó ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé kọ́kọ́rọ́ ò wọ ojú ihò àgádágodo. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, àkọ́bí mi jókòó ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó fi ìró mi gbé àbúrò rẹ̀ kékeré sí àyà, ó so ó ní kókó méjì torí kókó kan ń tú. Èkejì sùn sí itan rẹ̀. Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́. Ó ti wá àbẹ́là, ó tàn án, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí garawa oníke, torí ibẹ̀ ló ti máa ń rí i pé mo ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Àbẹ́là jó tán, ìdérí gbaná, iná ràn mọ́ etí kọ́tìnì. Gbogbo omi mímu tí mo bù sílẹ̀ ló dà lé e. Láti ìgbà náà, wọn ò rí omi mu.

Kò sunkún. Ó wò mí, ó ní: "Mọ́mì, mo ti pa iná náà."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, obìnrin tí a jọ ń gbé, tí ògiri kan ṣoṣo là wá láàárín, kọ́wọ́ lé orí. Òun wà nílé láti òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn dalẹ́, kò jáde rárá. Ó ní: "Mo ń gbọ́ ohùn wọn. Mo rò pé ìwọ náà wà nílé ni. Ṣé o sọ fún mi?"

N ò sọ fún un. Ojú ń tì mí pé kó má lọ máa sọ pé mo ń fi ọmọ sílẹ̀ lọ ṣòwò. Bí mo ṣe dáàbò bo orúkọ mi nìyẹn, díẹ̀ ló kù kí n fi ọmọ mẹ́ta san án.

Àkọ́bí mi ti wà ní yunifásítì báyìí. Títí dòní, bó bá wọ yàrá tuntun, ó máa kọ́kọ́ wo ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà kó tó jókòó.

* * *

Èsì karùn-ún

Ẹni tó béèrè bóyá òun lè fi ọmọ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kí òun sáré ra búrẹ́dì: rárá. Kì í ṣe fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kì í ṣe nítorí búrẹ́dì, kì í ṣe nítorí pé ọmọ ti sùn tí ẹ ò fẹ́ jí i.

Bí ìta bá gbóná tó ìwọ̀n 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tí kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wa, inú ọkọ̀ tó dúró sójú oòrùn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 43 láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bó bá tó wákàtí kan, ó lè kọjá 50. Ṣíṣí gíláàsì díẹ̀ ò ràn án lọ́wọ́ púpọ̀. Ara ọmọdé ń yára gbóná ju ti àgbà lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún. Èyí tí ẹ fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀ kí amúlétutù lè máa ṣiṣẹ́ náà ní ewu tirẹ̀: ẹni tó fẹ́ jí ọkọ̀ gbé ò ní wo ẹ̀yìn kó tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ gbé ọmọ dání. Ẹni tó wà nídìí búrẹ́dì á dúró dè yín.

* * *

Èsì kẹfà

Ìyá kan láti Ìpẹru kọ̀wé pẹ̀lú ìbínú, mo sì ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ẹ̀yin tó ń sọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì àti fàájì, ẹ ní ibi tí ẹ ń bọ̀. Òun ò ní ọkọ, ìyá òun ti kú, ọjà Ṣàgámù lòun ń ná, bí òun ò bá jáde, ebi ni. Ta lòun fẹ́ pè?

Ìyá mi, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ẹni tó lọ jó wé ọ̀rọ̀ ẹni tó lọ wá oúnjẹ. Kò dọ́gba, ẹni tó bá sì ń fi ojú kan náà wò ó ṣe àṣejù. Ṣùgbọ́n iná tó jó ìdérí garawa mi ò bi mí pé kí ni mo lọ ṣe l'Ékòó.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tèmi yẹn, èmi àti aládùúgbò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan jọ ṣe àdéhùn. Òun náà ń lọ sọ́jà, òun náà bímọ. Ọjọ́ tí mo bá lọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ làwọn ọmọ mi wà. Ọjọ́ tó bá lọ, ọ̀dọ̀ mi ni tirẹ̀ wà. A ò san kọ́bọ̀ fúnra wa. Ó gba pé kí n yí ọjọ́ tí mo ń lọ sí Balógun padà, mo pàdánù àwọn oníbàárà kan, mo rí àwọn mìíràn. Ẹni tí kò bá rí irú aládùúgbò bẹ́ẹ̀, kó wo ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sílé ìwé kan náà, kó wo àwọn obìnrin tó jọ wà lẹ́gbẹ́ ní mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Kó fún un lówó bí agbára bá ká a, kó bu gàrí fún un bí owó ò bá sí. Ọmọ tó ṣì ń mu ọyàn, ẹ pọ̀n ọ́n lọ. Àwọn ìyá wa pọ̀n wá lọ sọ́jà.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní àkọ́bí ni yóò máa wo àwọn tó kù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ àwọn dàgbà. Mo mọ̀. Kí àkọ́bí ràn yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ wà nílé, ẹ̀kọ́ nìyẹn. Kó di ìyá fún wọn nígbà tí ẹ wà nílùú mìíràn, ẹrù tó ju orí rẹ̀ lọ ni. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá náà nìyẹn. Ọmọ lòun náà.

Àwọn kan nínú yín béèrè iye ọdún tí òfin sọ pé kí ọmọ pé kí a tó lè fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá pa ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7 tì síbi tí jàǹbá ńlá lè ti bá a, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ló wà níwájú rẹ̀. Òbí tó lágbára láti bọ́ ọmọ, tó wá mọ̀ọ́mọ̀ sá fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 sílẹ̀ láìsí ohun tí yóò fi gbé ara, ọdún kan. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Ògùn náà ti sọ di tirẹ̀, ń dáàbò bo gbogbo ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Àmọ́ ọjọ́ orí tí a lè fi ọmọ sílẹ̀ nílé fún wákàtí kan, Gẹ̀ẹ́sì gan-an ò kọ nọ́ńbà kan sínú òfin tiwọn. Òbí ni yóò fi ojú ara rẹ̀ díwọ̀n rẹ̀.

Ìdíwọ̀n tèmi nìyí, ẹ lè bá mi jiyàn. Ọmọ tí kò mọ nọ́ńbà fóònù mi lórí, tí kò lè ṣàlàyé ilé wa fún àjèjì, tí kò lè ṣí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ láti inú, tí kò mọ̀ pé 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì, n ò ní fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Èyí tó bá mọ gbogbo rẹ̀, tó ti pé ọdún méjìlá, mo lè fi í sílẹ̀ lọ́sàn-án fún wákàtí kan, kí aládùúgbò mọ̀ pé n ò sí nílé. N ò ní kó àbúrò lé e lọ́wọ́. N ò ní sun ìlú mìíràn.

* * *

Èsì keje

Ìyá Ire ti padà wá. Ó ní òun ti ka gbogbo rẹ̀, òun sì sunkún. Ó ní ohun tó ń dun òun ni pé ìyá ọkọ òun ò gbé fóònù òun, àmọ́ wọ́n ń gbé ti ọkọ òun.

Èyí dun èmi náà. Bí mo ṣe ka gbogbo ìdáhùn tó wà lókè, bóyá ẹni méjì ló dárúkọ Bàbá Ire. Ìyókù, "irú ìyá wo nìyí", "obìnrin ayé òde òní". Ta ló ni rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́? Ọ̀rẹ́ ta ló ń ṣe fàájì? Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo padà dé láti Èkó ní òru ọjọ́ yẹn, èmi nìkan ni ẹbí pè jókòó. Ẹni tó wà ní Pọ́ta, tí mo ti sọ fún láti ọjọ́ Ẹtì pé àbúrò mi ò ní lè wá, tó ní "ìwọ ṣáà wá nǹkan ṣe sí i", kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kankan. Ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́.

Bàbá Ire, bí ẹ bá ń ka èyí: "kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀" kì í ṣe òótọ́. Ọmọ ọdún márùn-ún pe bàbá rẹ̀ nínú òkùnkùn títí ohùn rẹ̀ fi há. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ìyá Ire, ẹ má pe fóònù mọ́. Ẹ jọ gbéra láti Ìbàdàn, ẹ̀yin àti ọkọ yín àtàwọn ọmọ, ẹ lọ bá màmá nílé. Kí ọkọ yín dọ̀bálẹ̀, kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kó ní àwọn méjèèjì làwọn ṣe é. Ẹ̀yin náà ẹ kúnlẹ̀. Ẹ má mú àwáwí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú dání lọ. Ẹ bẹ ọmọ náà pẹ̀lú, lójú màmá, kó gbọ́ ọ pé kò tún ní ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn náà kí ẹ tó dìde, ẹ bá wọn sọ ọ̀rọ̀ Iléyá tó ń bọ̀. Bí ilé bá tún kún tí ẹ bá tún gba hòtẹ́ẹ̀lì, ẹnìkan nínú yín ni yóò máa wà nínú yàrá, kọ́kọ́rọ́ á wà lójú ilẹ̀kùn láti inú, èkejì á lọ jó díẹ̀, á padà wá gbà á. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ fẹ́ wà níbẹ̀ papọ̀, ẹ bẹ màmá nísinsìnyí pé kí àwọn ọmọ sùn lọ́dọ̀ wọn lálẹ́ ọjọ́ náà, ì báà jẹ́ orí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, ẹ mú àwọn ọmọ dé ẹnu yàrá wọn, ẹ ní: "Màámi, àwọn ọmọ rèé o." Kí ẹ dúró títí wọ́n á fi dáhùn.